Oko Obì Àwẹ̀ró

Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni Akínpẹ̀lú àti Lágbàyí. Nígbà tí Akínpẹ̀lú, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n, kú, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀, Àwẹ̀ró, ọmọ ọdún méje, àti oko obì kan létí odò. Ọmọ mẹ́fà ni Lágbàyí ń bọ́, ilẹ̀ tirẹ̀ sì ti ṣá. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì tó fi gba oko náà.

Ìyá Àwẹ̀ró bẹ̀ ẹ́. “Ọkọ mi, ẹ rántí pé ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n yín ni Àwẹ̀ró.”

“Ìyàwó wa, obìnrin á lọ sílé ọkọ. Ṣé ibẹ̀ ni yóò gbé oko bàbá wa lọ?”

Kò tíì kórè ẹ̀ẹ̀kan tí àwọn ará ilé Ajíbógun, tí oko wọn bá a pààlà, fi dé pé àwọn làwọn ni ín. Ẹjọ́ di ti Baálẹ̀. Baálẹ̀ ní lọ́jọ́ tí wọ́n fún ẹni àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ náà, wọ́n gé ẹ̀gbà ọwọ́ idẹ kan sí méjì. Ìlàjì kan wà lọ́wọ́ òun. Ẹni tó bá mú èkejì wá láàárín ọjọ́ márùn-ún ló ni oko.

Lágbàyí tú gbogbo yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò rí nǹkan kan. Lọ́jọ́ kẹrin, Àwẹ̀ró nawọ́ sókè sí kèrègbè kan lórí pẹpẹ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti fi ohun tó wà níbẹ̀ hàn án rí, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò tó ibẹ̀. Lágbàyí gbé kèrègbè náà sọ̀kalẹ̀. Ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó mì ín. Idẹ ń dún nínú, ó ń há sí ọrùn rẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, oríkèé ìka rẹ̀ kò kọjá ẹnu. Èèwọ̀ ilé wọn sì ni láti fọ́ kèrègbè tí bàbá wọn fi sílẹ̀.

“Wá bá mi mú un, ọmọ mi.”

Àwẹ̀ró ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. “Bàbá kékeré, bí mo bá mú un, oko ta ni?”

Lágbàyí wo ìyá ọmọ náà. Ìyẹn ń wolẹ̀. Lágbàyí rántí pé Akínpẹ̀lú ló bá òun ṣán oko òun àkọ́kọ́. Ojú tì í.

“Oko rẹ ni. N ó máa bá ọ ro ó títí wàá fi dàgbà, wàá sì máa fún mi nínú obì rẹ̀.”

“Ṣé ẹ ó sọ bẹ́ẹ̀ lójú Baálẹ̀, ọkọ mi?” ni ìyá ọmọ bi í.

“N ó sọ ọ́.”

Ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ náà wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ó fa idẹ jáde.

Ìlàjì méjèèjì bára mu níwájú Baálẹ̀, àwọn ará ilé Ajíbógun sì gba ilé wọn lọ. Baálẹ̀ béèrè orúkọ tí wọn yóò máa pe oko mọ́. Lágbàyí dọ̀bálẹ̀, ó ní ti Àwẹ̀ró ni, ó sì ròyìn bí wọ́n ṣe rí idẹ náà, kò fi ìtìjú tirẹ̀ pamọ́.

Láti ẹnu àwọn àgbà tó jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ náà la ti gbọ́ ọ pé, ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè.