Ọbẹ̀ Tòmátì Tí Ìyá Aláró Mu Tán

Ní ìlú Ìgbó-Ọ̀sàn láyé àtijọ́, obìnrin kan wà tí ń jẹ́ Ṣẹ́gilọlá, ìyàwó Àkànjí. Oko ẹ̀gàn ni Àkànjí ń ṣe, kì í sì í wálé àfi bí ọjọ́ ọjà bá kò. Ṣẹ́gilọlá nìkan ló ń gbélé pẹ̀lú ìyá ọkọ rẹ̀, Ìyá Aláró, ẹni tí gbogbo ìlú mọ̀ mọ́ aró rírẹ nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le. Ní ọdún tí à ń wí yìí, ara náà kò le mọ́. Àìsàn kan mú ìyá lọ́fun, kò lè gbé òkèlè mì. Iyán di èèwọ̀, àmàlà di èèwọ̀, ẹ̀kọ gan-an sú u. Ọbẹ̀ tòmátì tó kúná dáadáa, tí wọ́n fi omi wàrà là, nìkan ló ń gba ọ̀fun rẹ̀ kọjá.

Ẹ má wulẹ̀ sọ pé ọbẹ̀ lásán ni o. Ọbẹ̀ yẹn ń jẹ èèyàn kí èèyàn tó jẹ ẹ́. Ṣẹ́gilọlá yóò ṣa tòmátì tó pọ́n dénú, torí èyí tí kò pọ́n tán máa ń kan. Yóò bọ̀ wọ́n títí èèpo wọn yóò fi máa ṣí, yóò bó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì yọ gbogbo kóró inú wọn, nítorí bí kóró kan bá há ìyá lọ́fun, ikọ́ ọjọ́ yẹn kò ní í dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn náà ni yóò kúnlẹ̀ ti ọlọ, yóò lọ̀ ọ́, yóò tún un lọ̀, títí yóò fi máa yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Yóò gbé e kaná, yóò fi káún díẹ̀ pa kíkan rẹ̀, yóò dúró kí omi rẹ̀ gbẹ. Ìgbà tó bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ni yóò tó máa da omi wàrà tó rà lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní sí i, díẹ̀díẹ̀, tí yóò máa rò ó. Bó bá kánjú dà á, wàrà á dì, iṣẹ́ á di àtúnbẹ̀rẹ̀.

Ojoojúmọ́ ló ń ṣe èyí, láti ìgbà tí wọ́n ti gbin àgbàdo títí wọ́n fi kó o wálé. Ìyá á máa wúkọ́ lóru, Ṣẹ́gilọlá á máa dìde sí i. Ó rẹ̀ ẹ́. Eegun ẹ̀yìn rẹ̀ rẹ̀ ẹ́, orúnkún rẹ̀ rẹ̀ ẹ́, ojú rẹ̀ pàápàá rẹ̀ ẹ́. Nígbà mìíràn, á jókòó síwájú àdògán, á máa wo iná, kò ní í mọ ohun tó ń rò.

Àṣà kan sì wà nílé náà tó tún ń dá kún ìṣòro rẹ̀. Ẹni tó ń se oúnjẹ aláìsàn kò gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò kí aláìsàn tó fẹnu kàn án. Wọ́n ní ẹni tó bá tọ́ ọ wò ti bá aláìsàn pín ìlera rẹ̀ nìyẹn. Ìgbà tí aláìsàn bá ti gbé ti àkọ́kọ́ mì ni alásè tó lè lá ìpọnbẹ̀ rẹ̀. Ojú lásán ni Ṣẹ́gilọlá fi ń díwọ̀n iyọ̀.

Ẹnu ayé kì í dákẹ́. Ọ̀rọ̀ dé etí Àyọ̀ká, ọmọbìnrin Ìyá Aláró, ẹ̀gbọ́n Àkànjí, nílé ọkọ rẹ̀ ní ìlú kejì, pé ìyá rẹ̀ ti gbẹ bí igi ìdáná. Àyọ̀ká fẹ́ràn ìyá rẹ̀, kò sì lè fara mọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó bẹ àwọn géńdé lọ́wẹ̀ pé kí wọ́n wá bá òun gbé ìyá lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, òun fúnra rẹ̀ sì ṣíwájú.

Ọbẹ̀ wà lórí iná, Ṣẹ́gilọlá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iyọ̀ sí i ni, nígbà tí Àyọ̀ká wọlé. Ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ, nítorí náà Ẹyinjú-ẹgẹ́ ni Ṣẹ́gilọlá ń pè é.

"Ẹ kú àbọ̀ o, Ẹyinjú-ẹgẹ́. Ẹ kú ìrìn," ló wí, ó kúnlẹ̀.

Àyọ̀ká kò tíì jẹ́ ẹ tán tó fi wọ yàrá lọ. Igbe rẹ̀ ni Ṣẹ́gilọlá gbọ́.

"Yéè! Ìyá mi! Egungun ló kù yìí!" Ó yọjú padà sí ẹnu ọ̀nà. "Ìyàwó, kí lò ń fún wọn jẹ?"

"Ọbẹ̀ tòmátì ni, mà."

"Tòmátì? Lójoojúmọ́ ayé?"

"Òun nìkan ló ń gba ọ̀fun wọn kọjá."

"Ó dáa. Gbé e wá, kí n fojú mi rí i. Bí wọn ò bá jẹun lójú mi lónìí, mò ń gbé wọn lọ. Àwọn tó máa gbé wọn ti wà lọ́nà."

Ẹ̀rù ba Ṣẹ́gilọlá. Bí wọ́n bá gbé ìyá jáde nínú ilé yẹn pẹ́nrẹ́n, gbogbo Ìgbó-Ọ̀sàn ni yóò máa wí pé ó fẹ́ febi pa ìyá ọkọ rẹ̀, orúkọ rẹ̀ bà jẹ́ títí ayé nìyẹn. Ìyá Aláró pàápàá kò fẹ́ lọ. Ó ti sọ ọ́ láìmọye ìgbà pé inú ilé tí wọ́n sin ọkọ òun sí ni òun náà máa kú sí.

Ó padà sídìí àdògán. Kò rántí mọ́ pé òun ti fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ kí àlejò tó dé. Ó bu iyọ̀ bí ó ti máa ń bù ú, ó dà á sí i. Ó sọ ọbẹ̀ kalẹ̀, ó fi wàrà là á, ó bù ú sínú abọ́, ó gbé e wọlé.

Ọbẹ̀ náà dára lójú. Ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó ki, kò ní kókó kankan. Àyọ̀ká gbé ìyá jókòó, ìyá gba abọ́, ó sì mu ún lẹ́ẹ̀kan. Ó dúró. Ó pa ojú dé fún ìgbà díẹ̀.

Ṣẹ́gilọlá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà rò pé ọ̀fun ló ń dùn ún. Ó gbé ìpọnbẹ̀ tó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ sẹ́nu, ó lá a. Iyọ̀! Iyọ̀ tí ahọ́n ò lè gbà! Mo gbé, ló wí nínú ara rẹ̀, mo ti pa ara mi.

Ìyá Aláró la ojú, ó wo ìyàwó rẹ̀ láti orí abọ́. Ó tún gbé abọ́ sẹ́nu, ó ń mu ún lọ.

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín tọ́ ọ wò, Ìyá," ni Àyọ̀ká wí, ó sì na ọwọ́.

Ìyá yí abọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. "Ìwọ tí eyín rẹ pé, kí lò ń wá nínú oúnjẹ aláìsàn? Wọ́n ò fún ọ lóúnjẹ nílé ọkọ rẹ ni?"

Ó mu ún títí ó fi kan ìdí abọ́. Lẹ́yìn náà ló bi Ṣẹ́gilọlá pé, "Ṣé ó kù níkòkò?"

"Ó kù díẹ̀, Ìyá, ṣùgbọ́n…"

"Bù ú wá. Gbogbo rẹ̀ ni kí o gbọ́n wá."

Ẹnu ya Àyọ̀ká. Ta ni yóò bèèrè àbùsí oúnjẹ tí kò dùn? Omi bọ́ lójú rẹ̀ bí ó ti ń wo ìyá rẹ̀ tó ń gbé ọbẹ̀ mì, tí iṣan ọrùn rẹ̀ ń yọ gbọ̀ngbọ̀n. Nígbà tí ìyá gbé abọ́ sílẹ̀, kò sí ohun tí eṣinṣin lè bà lé nínú rẹ̀.

"Ìyàwó, má bínú sí mi," ni Àyọ̀ká wí. "Ayé ló parọ́ fún mi." Ó wá kọjú sí ìyá rẹ̀. "Ṣùgbọ́n Ìyá, ẹ rọra o! Gbogbo omi ọbẹ̀ yìí nínú ikùn tó ti gbẹ? Ṣé kò ní í máa mì níkùn yín báyìí?"

"Ọmọ mi," ni Ìyá Aláró dá a lóhùn, "ọbẹ̀ kì í mì nínú àgbà."

Àyọ̀ká rẹ́rìn-ín. Nígbà tí àwọn géńdé dé, ó dá wọn padà, òun náà sì bá wọn lọ.

Bó ṣe jáde tán, ìyá ní kí Ṣẹ́gilọlá fún òun lómi. Ó mu igbá kan, ó tún bèèrè òmíràn, ó tún mu ún. Ṣẹ́gilọlá wólẹ̀ síwájú rẹ̀, ó ń sunkún.

"Ìyá, ẹ forí jì mí. Iyọ̀ inú ọbẹ̀ yẹn…"

"Iyọ̀ wo?" ni ìyá wí. "Ó ti rẹ̀ ọ́, Ṣẹ́gilọlá. Lọ sùn."

Ó lọ sùn lóòótọ́. Oorun tó sùn lọ́jọ́ náà, ó pẹ́ tó ti sun irú rẹ̀.

Ìyá Aláró kò kú lọ́dún yẹn. Ìgbà tó yá ló kú, nínú ilé tó fẹ́ kú sí. Kò dárúkọ iyọ̀ fún ẹnikẹ́ni, títí kan Àkànjí ọmọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sin ín tán, tí èrò túká, tó ku Àyọ̀ká àti Ṣẹ́gilọlá nìkan nídìí àwọn ìkòkò tí wọ́n ń fọ̀, Ṣẹ́gilọlá kò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó sọ gbogbo bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́.

Àyọ̀ká dáwọ́ ìkòkò fífọ̀ dúró. Ṣẹ́gilọlá ti ń retí èébú, ṣùgbọ́n èébú kò wá.

"Gbogbo ìgbà tí ẹ̀yin méjèèjì fi wà pọ̀," ni Àyọ̀ká rọra bi í, "ṣé wọn ò sọ nǹkan kan fún ọ nípa tèmi?"

"Nípa tiyín, Ẹyinjú-ẹgẹ́? Bíi kí ni?"

Àyọ̀ká wò ó lójú dáadáa. Ó rí i pé kò mọ nǹkan kan. Ó mí kanlẹ̀, ó fi etí ìró nu ojú, ó ní, "Ọbẹ̀ tèmi náà wà nínú wọn. Wọ́n gbé e lọ sí sàréè."

Láti ẹnu àwọn obìnrin méjèèjì yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti tàn kálẹ̀, tó fi jẹ́ pé títí dòní, bí àgbà bá mọ ohun tó lè ba ẹlòmíràn jẹ́, tó sì gbé e mì, àwọn èèyàn a máa pa á lówe pé: ọbẹ̀ kì í mì nínú àgbà.