Ìdí Tí Agẹmọ Fi Ń Dán Ilẹ̀ Wò Kí Ó Tó Gbé Ẹsẹ̀

Nígbà láéláé, Agẹmọ kì í rìn bí ó ti ń rìn lónìí. Eré ni í sá. Alángbá pàápàá kò lè bá a. Ojú rẹ̀ méjèèjì a sì máa wo iwájú pọ̀, bí ojú gbogbo ẹranko.

Ní ọdún kan, ọba igbó wàjà. Àwọn ẹranko ilẹ̀ tètè fa Erin kalẹ̀. Ó wá ku kí àwọn ará orí igi yan ẹni tiwọn tí yóò dojú kọ Erin, kí gbogbo igbó tó mú ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì.

Ẹni méjì ló jáde. Àgbìgbò jáde, ẹyẹ olórí ńlá tí ìyẹ́ apá rẹ̀ ń dún bí ìjì. Agẹmọ náà jáde, àwọn ará orí igi sì rẹ́rìn-ín.

"Agẹmọ kẹ̀? Ṣé èyí tí afẹ́fẹ́ ń gbé lórí ẹ̀ka ni yóò wo ojú Erin?"

Ṣùgbọ́n Agẹmọ mọ ohun tí ó ń wá. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, Erin tẹ ọmọ Agẹmọ kan mọ́ ẹrẹ̀ létí adágún kan ṣoṣo tó kù nínú igbó. Erin kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun tẹ nǹkan. Agẹmọ fẹ́ òfin kan: kí àwọn kéékèèké kọ́kọ́ mu omi láàárọ̀, kí àwọn ńlá tó dé.

Igbó mẹ́rin ni wọn yóò ti yàn, ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ tirẹ̀. Wọ́n gbé igbá méjì kalẹ̀, igbá Àgbìgbò àti igbá Agẹmọ. Olúkúlùkù a ju kóró ìṣin kan sínú igbá ẹni tí ó fẹ́. Ẹni tí kóró rẹ̀ bá pọ̀ jù lẹ́yìn igbó kẹrin ló borí.

Àwọn ẹgà ló ń gbé ìròyìn láti igbó kan dé èkejì. Igbó tó bá fẹ́ gbọ́ ìròyìn a kọ́kọ́ da ọkà bàbà sílẹ̀ fún wọn.

Ní Igbó Ìṣin, Àgbìgbò ní ogójì kóró. Agẹmọ ní méjìlá. Ó tẹrí ba, ó fẹ́ máa lọ sílé. Ibẹ̀ ni ó ti gbọ́ ariwo àwọn ẹgà lókè.

"Agẹmọ dé o! A rò pé kò ní rí ju méjì lọ, ó rí méjìlá! Agẹmọ ń gòkè! Ẹ máa wò ó, ó ń bọ̀!"

Agẹmọ dúró. "Wọ́n nà mí ni," ó wí nínú ara rẹ̀. "Kí ni wọ́n wá ń yọ̀ sí?" Ara fu ú. Ṣùgbọ́n irọ́ náà dùn létí. Ó panu mọ́, ó sì sáré gba ọ̀nà Igbó Àràbà.

Kí ó tó débẹ̀, ijó ti bẹ̀rẹ̀. Kò tíì sọ gbólóhùn kan tí wọ́n fi ju ọgbọ̀n kóró sínú igbá rẹ̀. Àgbìgbò ní ogún péré. Agẹmọ sún mọ́ Ọ̀kẹ́rẹ́ tí ó ṣì ń jó.

"Ọ̀kẹ́rẹ́, ẹ ṣeun o. Kí lẹ gbọ́ lẹ́nu mi tẹ́ ẹ fi yàn mí?"

"Lẹ́nu yín kẹ̀? Èmi ò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n ní ẹ̀ ń bọ̀, mo ní kí n má gbẹ̀yìn ni."

"Ọ̀rọ̀ omi ńkọ́?"

"Omi wo?" Ọ̀kẹ́rẹ́ bẹ́ sórí ẹ̀ka mìíràn, ó ń bá ijó rẹ̀ lọ.

Agẹmọ fi í sílẹ̀. Ó gun ọ̀pẹ lọ bá Ìyá Ẹgà, olórí àwọn agbéròyìn. Ọkà kún ẹnu rẹ̀.

"Ìyá Ẹgà, ẹ jọ̀ọ́, oore wo ni mo ṣe yín tẹ́ ẹ fi ń pariwo mi?"

Ìyá Ẹgà rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ń pariwo rẹ? Eré ìje là ń pariwo. Bí Àgbìgbò bá ń gba gbogbo rẹ̀ lọ, ta ni yóò da ọkà sílẹ̀ láti gbọ́ ohun tó ti mọ̀?"

"Bí èmi náà bá wá ń gba gbogbo rẹ̀ lọ ńkọ́?"

Ìyá Ẹgà wò ó láti orí dé ìrù. "Ọkà yìí dùn," ni ó wí.

Agẹmọ sọ̀ kalẹ̀. Ó pinnu pé òun kò ní sáré mọ́. Lọ́nà Igbó Ọ̀pẹ, ó ń yà láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, ó ń sọ ọ̀rọ̀ omi fún onílé kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ gbọ́, wọ́n sì gbà. Àádọ́ta kóró bọ́ sínú igbá rẹ̀, ó sì mọ ìdí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi bọ́ síbẹ̀. Àgbìgbò ní ọgọ́ta.

Àwọn ẹgà gbéra. "Agẹmọ ti ṣubú o! Ọgọ́rin là ń retí, àádọ́ta péré ló rí! Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wúwo! Àgbìgbò ti jí!"

Méjìlá sọ ọ́ di akọni, àádọ́ta sọ ọ́ di òkú.

Agẹmọ gbàgbé ìpinnu rẹ̀, ó sáré dé Igbó Ìrókò, níbi tí èrò pọ̀ sí jù lọ. Ó kígbe pé, "Ẹ má gbà wọ́n gbọ́! Irọ́ ni wọ́n ń pa! Ẹ ka kóró fúnra yín!"

Ìyá Ìjímèrè, àgbà igbó náà, gbé ọwọ́ sókè. "Agẹmọ, ọmọ mi, dá mi lóhùn. Ta ló borí ní Igbó Ìṣin?"

"Àgbìgbò ni, ìyá."

"Nígbà tí àwọn ẹgà ní ìwọ lò ń gòkè, ǹjẹ́ o sọ pé irọ́ ni?"

Agẹmọ yí ojú sí ilẹ̀.

"Irọ́ tó pọ̀n ọ́, o jókòó jẹ́ẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó sọ ọ́ kalẹ̀ lo wá ń pè ní irọ́."

Gbogbo igbó hó yèè. Igbá Àgbìgbò kún àkúnwọ́sílẹ̀. Kò sì sí ẹni tó béèrè lọ́wọ́ Àgbìgbò ohun tí yóò ṣe, Ìyá Ìjímèrè pàápàá kò béèrè.

Nígbà tí Àgbìgbò dúró níwájú Erin, tí gbogbo ẹranko ní kí ó sọ tẹnu rẹ̀, kò rí nǹkan kan sọ. Erin jọba. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, adágún di ẹrẹ̀, kò sí ẹni kékeré tó lè sún mọ́ ọn mọ́.

Òùngbẹ ń gbẹ Ọ̀kẹ́rẹ́ nígbà tí ó kó àwọn ará orí igi lọ bá àwọn ẹgà. "Ẹ̀yin lẹ ní Agẹmọ ti ṣubú!"

"Ṣé àwa la bá yín ju kóró?" ni àwọn ẹgà dáhùn.

Àwọn ará orí igi kàn padà sílé, ẹnìkan kò sì da ọkà sílẹ̀ fún ẹgà mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn ẹgà ti ń pariwo lórí ọ̀pẹ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹnikẹ́ni kì í dúró gbọ́. Ọkà tí a kò dà fún wọn mọ́, wọ́n ń jí i jẹ lóko.

Láti ọjọ́ náà sì ni Agẹmọ kì í ti í lọ sí etí adágún. Ìrì orí ewé ni ó ń lá. Bí ó bá gbé ẹsẹ̀, a fà á sẹ́yìn, a tún nà án, a dán ibi tí yóò tẹ̀ wò dáadáa kí ó tó tẹ̀ ẹ́. Ojú rẹ̀ méjèèjì kò sì jọ wo ibì kan náà mọ́: ọ̀kan ń ṣọ́ ẹni tó ń yìn ín, èkejì ń ṣọ́ Agẹmọ fúnra rẹ̀.