Òkúta Àwẹ̀ró àti Ọmọ Tó Pọ̀n

Ní ìlú kékeré kan tí ìkùukùu máa ń bò láràárọ̀ bí aṣọ tí wọ́n fi bo ọmọ tó ń sùn, aláró kan gbé ibẹ̀ rí tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Aró ti mu ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dé ìgúnpá. Obìnrin náà mọ iṣẹ́, ó mọ èèyàn í ṣe, àmọ́ ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ rárá.

Òun àti orogún rẹ̀, Ìbídùn, ló jà nítorí ìkòkò aró. Wọn kò tíì parí ìjà náà tí ìrọbí fi mú Ìbídùn ní ìdájí ọjọ́ kan. Ó ń ké pe Àwẹ̀ró láti yàrá kejì. Àwẹ̀ró gbọ́. Ó yíjú sí ògiri. Kí ilẹ̀ tó mọ́, Ìbídùn ti kú, ọmọ jòjòló nìkan ló kù. Àwẹ̀ró gba ọmọ náà, Tinúọlá, ó sì tọ́ ọ bí ẹni pé inú òun ló ti jáde. Síbẹ̀, ẹ̀bi kò jẹ́ kó sinmi.

Nígbà tó yá, ó di onígbàgbọ́. Àwọn onígbàgbọ́ ìlú náà ń kọ́ ilé Ọlọ́run sórí òkè nígbà náà, àṣà wọn sì ni pé ẹni tó bá ń lọ sí ìsìn yóò ru òkúta kan láti etí odò gòkè. Àwọn yòókù ń ru èyí tí apá wọn ká. Àwẹ̀ró ní tirẹ̀ ń ṣa èyí tó lè ṣẹ́ ọrùn màlúù. Ó gbà pé bí òkúta òun bá pọ̀ tó, Ọlọ́run yóò gbàgbé ìdájí ọjọ́ náà. Ògiri ń ga, ọkàn rẹ̀ kò fúyẹ́. Bí wọ́n bá ń jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, ẹnu ọ̀nà ló máa ń jókòó sí, yóò fi ìborùn bo ọwọ́ aláró rẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan! Ẹni tó ń kọ́lé, kò lè wọlé.

Ní ọjọ́ ìsinmi kan, Tinúọlá fi igbe bọnu pé àfi kí òun tẹ̀ lé e. Wọn kò tíì rìn jìnnà tí ọmọ náà fi dúró.

"Yèyé, ẹ pọ̀n mí."

Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀, ó pọ̀n ọ́n, ó so ọ̀já le, ó sì gbé òkúta rẹ̀ rù. Nígbà tí wọ́n dé àárín òkè, ìkùukùu ki tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn igi dà bí ẹni tó ń rìn lọ. Ẹyẹ kan ké nínú rẹ̀. Létí Àwẹ̀ró, ohùn Ìbídùn ni. Ó yíjú wò, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, òkúta sì fì sẹ́yìn, síhà orí ọmọ. Kíá ló tì í dànù. Òkúta yí lọ nínú ìkùukùu, gbì, gbì, gbì, títí a kò fi gbọ́ ọ mọ́.

Ó dúró. Ṣé kó padà lọ wá òmíràn? Èémí ọmọ tó ń sùn ń fẹ́ sí i lẹ́yìn ọrùn. Ó ń gòkè lọ.

Bó ṣe dé ẹnu ọ̀nà ni Tinúọlá la ojú.

"Yèyé, a ti dé? Ọ̀nà yìí mà kúrú o!"

Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Àwẹ̀ró bú sẹ́kún.

"Bàbá, òkúta mi ti bọ́," ló wí fún Dáṣọ́fúnjó, arúgbó tó ń darí ìjọ. "Ọwọ́ òfìfo ni mo gbé wá. Orogún mi ké pè mí lọ́jọ́ ikú rẹ̀, mo gbọ́, n kò dìde."

Dáṣọ́fúnjó nawọ́ sí ọmọ náà.

"Àwẹ̀ró, kí ni ọmọ yìí ṣe fún ọ kí o tó pọ̀n ọ́n?"

"Kò ṣe nǹkan kan, Bàbá. Ó ní kí n pọn òun ni."

"Kò bẹ̀rù pé o lè já a sílẹ̀?"

"Oorun ló ń sùn."

"Ó dáa. Òkúta rẹ wúlò fún ògiri, kò lè wẹ ẹ̀ṣẹ̀. Jésù ti ru ìyẹn. Gbà á gbọ́, kí o jẹ́ kó gbé ọ."

Àwẹ̀ró kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó rìn dé iwájú, ọmọ ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì na ọwọ́ aláró méjèèjì. Wọ́n fi àkàrà Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa sí i. Nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, ó dé ilé kó tó rántí pé òkè wà lọ́nà.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ìlú ọ̀hún ti ń pa á lówe pé: ọmọ tí a pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn.