Ta Ló Ṣíwájú, Àwa Tàbí Ìgbìrà?

Ọkùnrin kan wà ní abúlé kan ní apá Àkókó tí ó fẹ́ràn láti máa fi nǹkan wéra ju oúnjẹ lọ. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀kọ méjì síwájú rẹ̀, yóò fi ọwọ́ gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wò kí ó tó tú èyí tí yóò jẹ. Bí òjò bá rọ̀, yóò sọ fún ọ bí ó ṣe ju ti èṣí lọ. Ìyàwó méjì ni ó ní, àwọn méjèèjì kò sì gbádùn ìwà yìí rárá. Ìwọ náà mọ ìdí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò purọ́. Ohun tí ojú rẹ̀ bá rí ni ẹnu rẹ̀ ń sọ, ì báà dùn, ì báà korò. Nítorí èyí, nígbà tí ọ̀rọ̀ àwọn Ìgbìrà di wàhálà ní abúlé náà, òun ni Baálẹ̀ ránṣẹ́ sí.

Àwọn Ìgbìrà yìí ti pẹ́ lórí ilẹ̀ náà. Àgbẹ̀ oníṣu ni wọ́n. Wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀, wọ́n ń fi iṣu san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún, wọ́n sì kọ́ ahéré tiwọn sí òdìkejì odò. Ọ̀kan nínú wọn ń dáko lórí ilẹ̀ ọkùnrin tí mò ń sọ ìtàn rẹ̀ yìí gan-an. Ọkùnrin náà ń pè é ní Ìgbìrà, òun náà sì ń dáhùn.

Ní ọdún kan, iṣu àwọn onílẹ̀ rí tín-ín-rín nínú ebè, ti àwọn Ìgbìrà sì tóbi. Ni wọ́n bá pe ìpàdé. Ẹnì kan dìde, ó ní àwọn àjèjì wọ̀nyí ti fi ilẹ̀ wa di olówó, wọ́n ti fi wá sẹ́yìn, kí wọ́n máa lọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹlòmíràn dìde, ó ní òtòṣì paraku ni wọ́n, inú ahéré koríko ni wọ́n ń gbé, ìṣẹ́ wọn yóò ran àwọn ọmọ wa, kí wọ́n máa lọ. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́ fún òun náà. Àwọn kan náà ni wọ́n pa àtẹ́wọ́ méjèèjì, kò sì sí ẹni tí ojú tì nínú wọn.

Baálẹ̀ yíjú sí ọkùnrin yìí. Ó ní, "Ìwọ ni o mọ bí a ṣe ń fi nǹkan wéra. Lọ wo àwa, kí o lọ wo àwọn náà. Ta ló ṣíwájú? Bí oṣù tuntun bá yọ, wá sọ fún wa. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ la ó tẹ̀lé, bóyá kí wọ́n dúró ni o, bóyá kí wọ́n di ẹrù wọn ni o."

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn. Ó rò pé iṣẹ́ kékeré ni. Kò ronú pé bí àwọn Ìgbìrà bá lówó jù, wọn yóò lé wọn, bí wọ́n bá sì tòṣì jù, wọn yóò lé wọn náà ni.

Ó ré odò kọjá lọ sí ahéré àtìpó rẹ̀, Ìgbìrà tó ń dáko lórí ilẹ̀ rẹ̀. Ó tẹrí ba kí ó tó lè wọlé. Ẹní kan ni ó bá níbẹ̀, àti ìkòkò kan, àti ọkọ́ tí wọ́n fi há ara ògiri. Kò sí àga. Kò sí bẹ́ẹ̀dì. Ó mi orí. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, àwọn èèyàn wọ̀nyí mà tòṣì o, àwa la ṣíwájú. Ó gba ẹ̀yìn ahéré jáde, ó sì já sí ibi tí wọ́n to iṣu sí. Iṣu náà lọ títí dé etí igbó. Ó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi ń ro ó. Ó ní, rárá o, àwọn ló ṣíwájú. Nígbà tí ó wẹ̀yìn tí ó tún rí ahéré náà, kò mọ èwo ni òtítọ́ mọ́.

Ó kúkú lọ bá àtìpó náà níbi tó ti ń kọ ebè.

"Ìgbìrà, láàárín ẹ̀yin àti àwa, ta ni nǹkan ń ṣẹnuure fún jù?"

Àtìpó náà sọ ọkọ́ kalẹ̀. Ó rò pé ìṣákọ́lẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi kún. Ó wo ojú ọkùnrin náà dáadáa kí ó tó dáhùn.

"Ẹ̀yin ni, bàbá."

"Báwo ló ṣe jẹ́ àwa?"

"Inú ilé bàbá yín lẹ ti ń jí lójoojúmọ́. Àwọn ọmọ yín wà níwájú yín. Ọ̀dọ̀ ìyá wọn nílé ni àwọn tèmi wà, níbi tí wọ́n ti ń lọ sílé ìwé."

"Ilé wo?"

"Ilé náà ni, bàbá. Ilé wa."

Ọkùnrin náà padà sílé. Ó dúró níta, ó wo ilé bàbá tirẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí. Páànù rẹ̀ ti dógùn-ún, ògiri ti sán, ewúrẹ́ sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn ọmọ ń jà lórí àpótí ìjókòó, ìyá rẹ̀ sì ń pariwo láti inú yàrá pé ta ló gbé aásà òun. Ṣé èyí ni ẹnikẹ́ni ń ṣe ojúkòkòrò sí? Orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ilé náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Láti ìgbà tí àwọn Ìgbìrà ti wà lọ́dọ̀ wọn, kò tíì bi ẹnikẹ́ni nínú wọn léèrè rí pé ibo ni ilé wọn, báwo ni ó sì ṣe rí. Báwo ni ó ṣe fẹ́ fi ohun tí kò rí wé ohun tí ó rí?

Ó dé fìlà rẹ̀, ó bọ́ sí títì, ó wọ mọ́tò. Kò sọ ibi tí ó ń lọ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ó sọ̀kalẹ̀ ní ìlú àwọn Ìgbìrà láàárín àwọn òkè, ńṣe ni ó ya ẹnu sílẹ̀. Ó ní kí ọlọ́kadà kan gbé òun dé àdúgbò àwọn tó ń lọ dáko ní abúlé àwọn. Ọlọ́kadà náà gbé e dé òpópónà kan, ó ní, "Kò sí ilé kan níbí tí kò ní ọmọ lọ́dọ̀ yín." Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wà lọ́tùn-ún, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wà lósì, páànù wọn ń dán yinrinyinrin. Inú bí ọkùnrin náà. Ó ní, àṣé ẹ̀tàn ni ahéré tí wọ́n ń gbé! Àṣé wọ́n ti fi wá sẹ́yìn pátápátá! Ó ti mọ ohun tí yóò sọ fún Baálẹ̀.

Ó rìn síwájú díẹ̀ sí i. Àgádágodo wà lára ilẹ̀kùn yìí, ó wà lára ìyẹn. Koríko ti hù níwájú ilé ńlá kan. Àwọn tí ó rí kò ju arúgbó díẹ̀ àti àwọn obìnrin mélòó kan lọ, àdúgbò náà sì dákẹ́ ju bí ó ti yẹ kí àdúgbò olówó dákẹ́ lọ. Ó tún dúró. Àánú ṣe é, kò sì mọ ẹni tí ó ń ṣàánú fún.

Obìnrin arúgbó kan ń gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tó tóbi jù níbẹ̀. Ó gbọ́ Yorùbá, nítorí pé òun àti ọkọ rẹ̀ ti ṣe àgbẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá nígbà èwe wọn. Ó bu omi fún àlejò rẹ̀, ó sì bi í pé níbo ni ó ti wá. Ọkùnrin náà dárúkọ abúlé rẹ̀. Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ìyá náà.

"Ọ̀dọ̀ yín lọmọ mi wà! Ozovehe ńkọ́?"

"Ta ni, màmá?"

"Ozovehe, ọmọ mi. Abúlé yín ló wà láti ọjọ́ yìí wá."

Ọkùnrin náà ronú. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ní abúlé náà, tọmọdé tàgbà. Ahọ́n rẹ̀ kò sì gbé orúkọ yìí rí. Mo ti sọ fún ọ pé kì í purọ́.

Ó ní, "Màmá, kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa."

Ìyá náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Kò sí? Ìgbà tí wọ́n kórè tán lọ́dún tó kọjá ni mo rí i kẹ́yìn. Ṣé ó ti kú ni? Ṣé wọ́n rán yín wá túfọ̀ fún mi ni?" Ó ká ọwọ́ lérí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ìdààmú bá ọkùnrin náà. Òtítọ́ ni ó sọ, ó sì dà bí ẹni pé ó ti pa ọmọ ọlọ́mọ.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ ná. Báwo ló ṣe rí?"

"Ó ga. Àpá kan wà níwájú orí rẹ̀. Ọwọ́ òsì ló fi ń roko, bàbá rẹ̀ nà án títí, kò yí i padà."

Ẹnì kan ṣoṣo ni ọkùnrin náà rí tó ń fi ọwọ́ òsì kọ ebè, orí ilẹ̀ tirẹ̀ sì ni.

Ó pariwo pé, "Ìgbìrà!"

Ìyá náà gbé ojú sókè. "Gbogbo wa ni Ìgbìrà níbí, ọmọ mi. Èwo nínú wa?"

Ọkùnrin náà kò lè wo ojú rẹ̀. Ojú tì í gan-an. Ó ní, "Èyí tó ń dáko lórí ilẹ̀ mi, màmá. Ó wà láàyè. Ara rẹ̀ le. Mo rí i lọ́sẹ̀ yìí."

Ìyá náà fi ìró nu ojú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Ó mú kọ́kọ́rọ́ láti ibi ìdí ìró, ó sì mú àlejò rẹ̀ káàkiri ilé náà. Ó ṣí yàrá kan, ó tì í. Ó ṣí òmíràn. Bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, ọ̀rá tí wọ́n fi wé fóòmù nígbà tí wọ́n rà á ṣì wà lára rẹ̀.

"Òun ló kọ́ ọ. Kò tíì sùn nínú rẹ̀ títí ó fi sú u rí. Ìyàwó rẹ̀ wà lọ́jà, àwọn ọmọ wà nílé ìwé. Èmi ni mò ń gbá a."

Ọkùnrin náà ní, "Ẹ̀yin lẹ ṣíwájú wa, màmá. A ò ní irú ilé yìí."

"Àwa kẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń rí ọmọ mi lójoojúmọ́ ńkọ́?" Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Sọ fún mi. Ṣé ó máa ń rẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún? Láti kékeré ni, bó bá rẹ́rìn-ín, omi á máa dà lójú rẹ̀."

Ọkùnrin náà la ẹnu. Ó mọ bí ebè àtìpó rẹ̀ ṣe ga tó. Ó mọ iṣu tí ó tóbi jù nínú èyí tí ó gbé wá fún ìṣákọ́lẹ̀. Ó wá ẹ̀rín náà nínú ọkàn rẹ̀, kò rí i.

"Mi ò mọ̀, màmá."

"Ṣé oko rẹ̀ jìnnà sí yín ni?"

"Rárá. Odò kan ló wà láàárín wa. Kò ju orúnkún lọ."

Ìyá náà padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ìgbálẹ̀ rẹ̀.

Oṣù tuntun yọ, ìpàdé kún. Baálẹ̀ ní kí ó sọ̀rọ̀: ta ló ṣíwájú?

Ó ní, "Kí ẹ pẹ́, Baálẹ̀. Mi ò mọ̀. Ahéré wọn kò tó ilé wa. Ilé wọn ju ilé wa lọ. Yàrá wọn ṣófo, tiwa kún, ó sì ń jò. Àwọn ń wò wá pé a rí já jẹ, àwa náà ń wò wọ́n bẹ́ẹ̀. Orí mi ti dàrú ju bí mo ṣe lọ."

Ariwo sọ. Ẹnì kan ní wọ́n ti fi iṣu pa á lẹ́nu mọ́. Baálẹ̀ gbé ọwọ́ sókè.

"Kí wá ni ká ṣe fún wọn?"

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró títí n ó fi mọ̀. Bí ẹ bá lé wọn, ta ni n ó máa fi wé wa?"

Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì gbà. Àwọn kan bínú jáde. Àwọn Ìgbìrà wà níbẹ̀ di òní, nítorí pé ọkùnrin náà kò tíì mú èsì wá.

Bí ọkùnrin náà ṣe kúrò ní ìpàdé yẹn, ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó ré odò kọjá. Ó dúró níwájú ahéré, ó sì pe, "Ozovehe!"

Àtìpó náà sáré jáde. Ẹnikẹ́ni kò pè é bẹ́ẹ̀ ní abúlé náà rí, ó rò pé ìròyìn burúkú ti dé láti ilé. "Bàbá, ta ló sọ fún yín?"

"Màmá rẹ." Ó jókòó sórí ebè, ó sì ròyìn gbogbo rẹ̀: bí ó ṣe sọ pé kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, bí òun fúnra rẹ̀ ṣe pariwo "Ìgbìrà!" láàárín ìlú Ìgbìrà, àti bí màmá ṣe bi í pé èwo nínú wọn.

Àtìpó náà bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó ahéré mú, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Ọkùnrin náà jókòó, ó ń wò ó. Kò fi ẹ̀rín náà wé ti ẹnikẹ́ni.

Ìwọ tí o wá bá mi lánàá, tí o ní kí n sọ fún ọ, nínú ẹ̀yà tiwa àti ẹ̀yà tiwọn, ta ló ṣíwájú, o ti ka ṣọ́ọ̀bù wọn, o ti ka mọ́tò wọn, o ti ka àwọn ọmọ wọn tó wà ní yunifásítì. Èmi kò ní èsì fún ọ. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn wà ní ìtòsí rẹ, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín yín, ìwọ náà sì ń fi orúkọ ẹ̀yà rẹ̀ pè é. Kí ni orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́? Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, o kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ kí o tó padà wá bá mi.