Ìkòkò Tó Gba Ojú Odò Dé Ọjà

"Ọ̀nà kan ò wọjà." Ẹnu gbogbo yín ló kún fún un. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ á pa á, ẹni tí obìnrin kọ̀ á pa á kí ojú má baà tì í, ọmọ tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ síta á pa á bó ṣe ń gun ojú fèrèsé wọlé. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ìdí rẹ̀ nínú yín? Ọjà wo? Ta ló ń lọ, kí ló sì ṣe ọ̀nà tó ti wà nílẹ̀? Mo ti bi àwọn tó fi ìwé ṣe ìrọ̀rí. Wọ́n wo òkè, wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n ní òwe ṣáà ni. Òwe ṣáà kọ́. Òwe tí kò ní ìtàn dà bí ọmọ tí kò mọ ilé bàbá rẹ̀. Ẹ fún mi láyè, kí n mú èyí dé ilé bàbá rẹ̀.

Ìlú kan wà tí wọ́n ń pè ní Òkè-Amọ̀. Orúkọ rẹ̀ ti sọ iṣẹ́ wọn tán: àwọn obìnrin ibẹ̀ ń mọ ìkòkò, àwọn ọkùnrin ń roko. Ọjà wọn kò sí nínú ìlú. Ìsàlẹ̀-Odò ló wà, ọrọọrún ló ń ná, ọ̀nà kan ṣoṣo tí gbogbo ayé mọ̀ ló sì lọ síbẹ̀. Ẹni tó bá gbé ẹrù jáde bí oòrùn ti ń yọjú á ti pàtẹ kí ìrì tó gbẹ lórí koríko. Kò sí ohun tó le níbẹ̀. Bí ẹni ń mu ẹ̀kọ ni.

Bó ṣe rọrùn tó nìyẹn títí di ọdún tí wọ́n fi Bámgbóṣé jẹ Jagùnnà.

Ẹ má tíì kórìíra ọkùnrin náà. Àgbà ọdẹ ni, kò sì sí ìkà nínú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní oko ọ̀nà jíjìn. Nígbà tó joyè, ó kọ́ ilé tuntun sẹ́bàá ọ̀nà ọjà, ó gbé àga síwájú ilé, ó jókòó. Jíjókòó yẹn ló fa gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹ ṣáà mọ àṣà wa: ọmọdé kì í gbé ẹrù lérí kí àgbà, áńbọ̀sì olóyè. Wàá sọ ẹrù, wàá kúnlẹ̀, wàá kí i, òun náà á dáhùn, wàá sì máa lọ. Níwájú ilé ẹlòmíràn, ibẹ̀ ló parí sí. Níwájú ilé Jagùnnà, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà, Bàbá."

"Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ńkọ́?"

"Ó ti ń fúyẹ́, Bàbá."

"Tọ̀tún ni àbí tòsì?"

"Tọ̀tún ni."

"Ewúrẹ́ rẹ tó lóyún ńkọ́?"

"Ó ti bí, Bàbá. Méjì ni."

"Akọ ni wọ́n àbí abo?"

Nígbà tí ìbéèrè bá tán nínú rẹ̀, oríkì ló kàn. Kò sí ìdílé kan ní Òkè-Amọ̀ tí Jagùnnà kò mọ oríkì rẹ̀ láti orí baba dé orí baba ńlá. Ta ló sì tó bẹ́ẹ̀ láti dìde nígbà tí wọ́n ń ki baba ńlá rẹ̀? Ẹni tó bá dìde ti sọ pé baba òun kò tó ẹni tí à ń kì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á kúnlẹ̀ títí orúnkún á fi kú, ẹni mẹ́wàá, ẹni ogún, olúkúlùkù ń retí kí ó kan òun.

Ti àwọn amọ̀kòkò ló wá burú jù. Ìkòkò mẹ́fà tí wọ́n so pọ̀ sórí òṣùká kì í ṣe ẹrù àdásọ̀. Ẹni méjì ló ń bá èèyàn sọ̀ ọ́, ẹni méjì ló sì ń bá èèyàn gbé e rù. Nígbà tí Jagùnnà bá tú ọ sílẹ̀, àwọn tí wàá bẹ̀ pé kí wọ́n gbé ọ rù ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ewúrẹ́ tiwọn ló ń bèèrè lọ́wọ́.

Obìnrin amọ̀kòkò kan wà láàárín wọn tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ níbi iṣẹ́, ìkòkò rẹ̀ kì í jò, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ìyá rẹ̀ fi ìsọ̀ kan sílẹ̀ fún un ní ọjà Ìsàlẹ̀-Odò, lábẹ́ igi odán, níbi tí òjìji kì í ti í kúrò láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n òfin ọjà náà kò mojú ẹnikẹ́ni: ìsọ̀ tí wọn kò bá pàtẹ sí fún ọjọ́ ọjà mẹ́ta léraléra ti di ti ẹlòmíràn.

Àwẹ̀ró ti pàdánù ọjọ́ ọjà méjì. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, bó ṣe dé ni wọ́n ń palẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó ní òun gbọ́n. Àkùkọ ò tíì kọ lẹ́ẹ̀mejì tó fi gbé ẹrù jáde. Ó bá Jagùnnà lórí àga, pákò lẹ́nu.

"Àwẹ̀ró, o mà tètè jí o," ni Jagùnnà wí. "Ó dára bẹ́ẹ̀. A máa ráyè sọ̀rọ̀ dáadáa."

Nígbà tó fi máa dé ọjà lọ́jọ́ náà, ajá tó ń ṣa egungun nìkan ló bá níbẹ̀. Ìyálọ́jà sì ránṣẹ́ sí i pé, "Èmi àti ìyá rẹ jọ mumi nínú igbá kan, ṣùgbọ́n òfin ni òfin. Obìnrin tó ń ta agbọ̀n ti wá fi ẹsẹ̀ wọn ìsọ̀ náà. Bó ò bá pàtẹ lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, má bá mi wí."

Ẹ wò ó, ìrìn tí arúgbó ń fi igi tilẹ̀ rìn tẹ́lẹ̀ ti di òkè tí ẹnikẹ́ni ò lè gùn.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, Àwẹ̀ró àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Morónmúbọ̀, tí òun náà ń mọ ìkòkò, wà létí odò tí wọ́n ti ń wa amọ̀. Wọ́n ń rọ omi sínú ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sun láti mọ èyí tó ń jò.

"Fi màrìwò lé ẹrù rẹ lórí," ni Morónmúbọ̀ wí. "Ẹni tó gbé ẹbọ kì í kí èèyàn lọ́nà."

"Kí n fi ẹbọ ṣeré? Bí ẹni tí wọ́n ń rú u sí bá ní òun ti gbà á ńkọ́?"

"Tóò, ṣe bí ẹni tó yadi nígbà náà."

"Ta ni yóò gbà pé mo yadi?"

"O sọ òótọ́," ni Morónmúbọ̀ wí. "Bó o bá kú pàápàá, àwọn tó ń gbé òkú rẹ á máa ní kó o jẹ́ káwọn gbọ́ràn."

Níbi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín, ìkòkò òfìfo kan yọ̀ lọ́wọ́ Àwẹ̀ró, ó bọ́ sódò. Kò rì. Ó mì lẹ́ẹ̀mejì, ó dúró ṣánṣán, ó gbé ẹnu sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Àwẹ̀ró sáré tẹ̀ lé e létí odò. Ìkòkò náà yí kọ́nà, ó gba abẹ́ ọparun kọjá, ó sì fẹ̀yìn ti yanrìn níbi tí àwọn obìnrin kan ti ń pọnmi. Àwẹ̀ró gbójú sókè. Igi odán ló rí. Ẹ̀yìn ọjà ló dúró sí.

Ó ti ń ná ọjà náà láti kékeré. Ó ti ń wa amọ̀ létí odò náà láti kékeré. Kò sì fìgbà kan rò ó pé ọ̀kan ń lọ sọ́dọ̀ èkejì.

Lọ́jọ́ ọjà, bí ilẹ̀ ti mọ́, ó fi ìtàkùn so ìkòkò mẹ́fà lọ́rùn pọ̀, ó tì wọ́n sódò. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, omi kò kọjá itan. Ó ká ìró sókè, ó mú ọ̀pá kan, ó ń dà wọ́n lọ níwájú bí ìyá pẹ́pẹ́yẹ ṣe ń da ọmọ. Morónmúbọ̀ dúró létí odò, ó ní òun ò lè fi ti òun dán an wò, pé àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ òun ló mọ bí ìdí rẹ̀ ṣe ń jò. Lábẹ́ ọparun, ọ̀kan kọlu òkúta, ó fọ́. Àwẹ̀ró wò ó, ó ní, "Ìwọ ni mo fi tọrọ ọ̀nà," ó sì kọjá.

Obìnrin alágbọ̀n ti tẹ́ ẹní sí ìsọ̀ nígbà tó dé. Ìyálọ́jà dúró tì í, ojú rẹ̀ wà lọ́nà Òkè-Amọ̀, níbi tí ẹnì kankan ò ti yọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ohùn ti jáde.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ká ẹní yìí."

Ìyálọ́jà yíjú padà. "Àwẹ̀ró, òjò ò rọ̀. Kí ló pa ọ́ báyìí?"

"Odò ló sìn mí wá, Ìyá."

Ìyálọ́jà ka ìkòkò, ó pé márùn-ún. Ó na ọwọ́ sínú ọ̀kan, inú rẹ̀ gbẹ táútáú. Ó ní kí alágbọ̀n ká ẹní rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kì í rin jẹ́jẹ́ ní Òkè-Amọ̀. Kí ọjà méjì míì tó ná, àwọn àgbẹ̀ ti la ọ̀nà gba ẹ̀yìn oko obì. Àwọn elépo ń gba etí òkè. Kò sí ẹni tó bú Jagùnnà, kò sí ẹni tó kọ̀ láti kí i. Àṣà ní kí o kí àgbà tí o bá rí. Kò ní kí o lọ fi ara rẹ hàn án.

Jagùnnà jókòó. Ó run pákò kan tán, ó mú òmíràn. Adìyẹ ló kọjá. Nígbà tó ṣe, adìyẹ kan náà padà bọ̀. Lọ́jọ́ ọjà kẹta, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ mọ́. Ó rò pé ogun ti kó ìlú lọ. Ó mú ọ̀pá, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìsàlẹ̀-Odò fúnra rẹ̀.

Gbogbo ìlú ló bá níbẹ̀. Ó rìn lọ tààrà sábẹ́ igi odán.

"Àwẹ̀ró, ọ̀nà kan ṣoṣo ló wá síbí, iwájú ilé mi ló sì gbà. N ò rí ọ. Ibo lo gbà?"

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. Ẹ̀rù bà á, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò mọ ẹ̀rù. Ó ní, "Bàbá, ọ̀nà kan ò wọjà."

Kí Jagùnnà tó dáhùn, Àwẹ̀ró ti mú un níbi tó dùn ún. "Ẹ kú àbọ̀, Bàbá. Àga yín ńkọ́?"

"Àga mi?"

"Èyí tí ẹ fi sílẹ̀ níwájú ilé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń mì ńkọ́?"

"Ó ṣì ń mì."

"Tọ̀tún ni àbí tòsì?"

Ó bèèrè pákò. Ó bèèrè adìyẹ. Nígbà tí ìbéèrè tán, ó fi ohùn sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í: ọmọ arìn-lórí-ewé-gbígbẹ-kó-má-dún, ọmọ ọdẹ tí í bá ẹkùn jí. Jagùnnà ò lè yẹsẹ̀. Baba rẹ̀ ni wọ́n ń kì. Ó dúró lórí ọ̀pá títí orúnkún rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

"Àwẹ̀ró, ó tó."

"N ò tíì dé ọ̀dọ̀ baba ńlá yín, Bàbá."

Jagùnnà wo ojú rẹ̀, ó wo ojú àwọn èèyàn. Ẹ̀rín pa á. "Ṣé bí mo ṣe ń ṣe yín nìyí?"

"Tiwa tún lẹ́rù nínú, Bàbá."

Ó rẹ́rìn-ín títí, ó fi ọwọ́ nu ojú. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Ilé yẹn ló dákẹ́ jù, Àwẹ̀ró."

Àwẹ̀ró mú ìkòkò tó tóbi jù nínú tirẹ̀, ó dojú rẹ̀ dé, ó fi ìró nù ún, ó ní, "Ẹ jókòó."

Jagùnnà jókòó. Ẹni àkọ́kọ́ tó kọjá, ó kì í dé orí baba ńlá. Onítọ̀hún dúró, ara rẹ̀ yá gágá, ó sì ṣáà gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kan nǹkan bó ṣe dúró, ó ra ìkòkò. Ẹni kejì dúró, ó rà. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ìkòkò tó kù fún Àwẹ̀ró kò ju ẹyọ kan tí Jagùnnà jókòó lé. Obìnrin kan sì ti dúró tì í, ó ní òun ò kánjú, òun lè dúró títí Bàbá fi máa dìde.

Láti ọjọ́ náà, ọjà ni Jagùnnà ń gbé àga rẹ̀ lọ. Ó gé igi, ó fi kan pẹpẹ kan mọ́lẹ̀ síwájú ilé rẹ̀ tó ga dé èjìká, kí ẹni tó gbé ẹrù lè ti ẹrù lé e láìpe ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà àtijọ́ padà là. Ṣùgbọ́n ọ̀nà oko obì ò dí mọ́, ti etí òkè ò dí, Àwẹ̀ró pẹ̀lú ò sì dẹ́kun àtimáa da ìkòkò lójú odò.

Ilé bàbá òwe náà nìyẹn. Nígbà tí ohun tó yẹ kó rọrùn bá le mọ́ èèyàn lọ́wọ́, tí o lọ gba ìwé pélébé kan ní ọ́fíìsì, tí wọ́n ní ọ̀gá lọ jẹun, tí ọ̀gá sì ti ń jẹun láti oṣù tó kọjá, tí o fẹ́ káwọ́ lérí pé ó ti tán, ìgbà náà ni àwọn àgbà máa ń sọ fún ọ pé ọ̀nà kan ò wọjà. Wọn ò ní kí o gba ọ̀nà ẹ̀bùrú; Àwẹ̀ró ò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, kò sì fi ẹbọ ṣeré. Wọn ò ní kí o bú ẹni tó dí ọ lọ́nà, torí ó lè jẹ́ òun ni yóò bá ọ ta ọjà lọ́la. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé kí o wò yíká, bóyá odò tí o ti ń fọ ẹsẹ̀ láti kékeré ń lọ síbi tí ò ń lọ. Kí ìkòkò rẹ ṣáà má ti jò.