Igbá Ìbúra Alága

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ sọ ìyẹn fún Alága Adégòróyè?

Ìbò ku oṣù kan nígbà tí onígbáméjì wọ àdúgbò Òkè. Ènìyàn mọ́kànlá ló dùbúlẹ̀. Alága bọ́ síta, ó nawọ́ sí Ìsàlẹ̀, níbi tí ẹgbẹ́ òṣèlú kejì fìdí kalẹ̀ sí. Ó ní, "Àwọn ọ̀dàlẹ̀ yẹn ti da májèlé sí kànga wa!" Ni àwọn géńdé rẹ̀ bá ń pọ́n àdá, bí ẹni pé àdá ni wọ́n fi ń bẹ́ onígbáméjì lórí.

Nọ́ọ̀sì Mojírọ́lá, ọmọ Ìsàlẹ̀, kò bá wọn fa ọ̀rọ̀. Ó ń ti orí ẹní kan bọ́ sí òmíràn, ó ń béèrè pé, "Ta lẹ bá jẹun? Igbá ta lẹ fi mumi?" Ó kọ orúkọ wọn sẹ́yìn pósítà ìbò, ó sì ń fa ìlà láti orúkọ kan dé èkejì. Gbogbo ìlà náà pàdé nílé Alága.

Ó gbé pósítà náà wá síwájú Alága àti àwọn aládàá rẹ̀. "Ẹ wò ó, Baba. Kì í ṣe kànga àdúgbò. Igbá tí ẹ fi búra fún wọn pé wọn ò ní gba omi lọ́wọ́ ọmọ Ìsàlẹ̀ mọ́ láé, omi inú rẹ̀ ni gbogbo wọ́n mu. Níbo lẹ ti pọn ọ́n?"

Kànga ẹ̀yìn ṣáláńgá Alága ni. Òun gan-an ló sì kọ́kọ́ mu ún. Alága di ikùn mú, ó sáré wọlé.

Nírọ̀lẹ́, òun ló di ẹni kejìlá lórí ẹní. Nọ́ọ̀sì po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi, ó gbé e fún un. Akọni tó búra gbà á lọ́wọ́ ọmọ Ìsàlẹ̀, ó mu ún tán, ó ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, bù sí i."