Epo Àtùpà Ìlú Ẹfọ̀n

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Àlọ́ mi fò fẹ́rẹ́ nínú òṣùpá, ó bà lé Ẹfọ̀n, ọba àwọn ẹranko.

Ẹfọ̀n yá epo lọ́wọ́ Ọ̀nì, ó fi tan àtùpà idẹ yí ààfin ká. Nígbà tí Ọ̀nì ní kó san án, Ẹfọ̀n ní kí ilé kọ̀ọ̀kan bu ṣíbí epo kan wá láti inú àtùpà wọn. Ó tún yá òmíràn, ó di ṣíbí méjì. Ó yá ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó di mẹ́ta, iná Ìyá Ọ̀yà sì kú níbi tó ti ń wẹ ọmọ.

Ó lọ bá ọba. Ọba rẹ́rìn-ín. "Ọ̀yà tó ń jẹ koríko, kí ló fẹ́ fi iná ṣe?"

"Koríko kan náà la jọ ń jẹ, Kábíyèsí."

Ó bá jókòó sábẹ́ àtùpà ààfin, ó ń wẹ ọmọ rẹ̀, ó ń kọrin. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbè é:

Epo ta ló ń tàn yìí o?
Tẹ̀rẹ̀nínà!
Epo wa ló ń tàn yìí o.
Tẹ̀rẹ̀nínà!

Ọ̀kẹ́rẹ́ gbé ẹ̀kùrọ́ tó ń pa lọ́wọ́ wá. Ìgbín náà wọ́ dé. Àgbàlá kún bí ibi tí gbogbo ìlú ti ń lá àlá kan náà. Ọba ò ríbi na ẹsẹ̀ sí.

"Ẹ máa lọ sílé!"

"Ilé ṣókùnkùn, Kábíyèsí. Ibi tí epo wa wà la wà."

Ẹfọ̀n fi àtùpà idẹ san gbèsè Ọ̀nì tó kù, ó sì bu epo padà fún onílé kọ̀ọ̀kan. Ìmọ́lẹ̀ ṣàn lọ sílé bí odò.

Bí mo bá purọ́, kí òṣùpá yìí wọ̀. Ẹ wòkè: ó ṣì ń ràn.